Àrùn Kátà: Láti Agbo Ewúrẹ́ Dé Inú Igbó

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ní Ìkìrun, ní Ìnísà, ní Òkukù àti ní àwọn abúlé tí ó yí wọn ká, ọ̀rọ̀ ẹran ni a fẹ́ sọ. Kì í ṣe ẹran inú ọbẹ̀. Ẹran tí ó ní ẹ̀mí ni, èyí tí ó ń jẹ kiri ní ẹ̀yìnkùlé wa, àti èyí tí ó ń sá kiri nínú igbó. Lójú tiwa, àwọn méjèèjì jìnnà sí ara wọn. Ọ̀kan ní ẹni tí ó ni ín, èkejì kò ní ẹnì kan àfi Ọlọ́run, àti ọdẹ tí ó bá kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí kò mọ ààlà tí ó wà láàárín wọn.

Gbogbo ẹni tí ó ti sin ewúrẹ́ rí ni ó mọ àrùn yìí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wí pé ìyá kan ní Ìnísà ní ewúrẹ́ mẹ́fà. Ó ń tọ́jú wọn de owó ilé-ìwé ọmọ. Ní àárín ọyẹ́, ọ̀kan nínú wọn lọ dúró sí ìdí ògiri, kò bá àwọn yòókù lọ jẹun. Irun ara rẹ̀ dìde. Ara rẹ̀ gbóná. Omi ń jáde ní ojú àti ní imú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, omi náà ki, ó di ọ̀yún, ó sì dí ihò imú tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ náà ń fi ẹnu mí. Bí ẹ bá la ẹnu rẹ̀, ẹ ó rí egbò ní èrìgì àti lábẹ́ ahọ́n, òórùn burúkú sì ń jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru dé. Ikọ́ tẹ̀lé e. Bí ó bá lóyún, oyún náà lè wálẹ̀. Láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá ọ̀pọ̀ wọn a kú. Kí ìyá wa tó rí ẹni tí yóò bá òun wò ó, èkejì ti lọ dúró sí ìdí ògiri.

Kátà ni a ń pe àrùn yìí ní gúúsù Nàìjíríà, nítorí pé imú ẹran náà ń ṣe bí imú ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Àwọn dókítà ẹran tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1967 pàápàá mọ orúkọ yìí. Lẹ́tà mẹ́ta ni àwọn dókítà òde òní fi ń pè é: PPR. Ẹ kà á lẹ́yọ lẹ́yọ: P, P, R. Ọ̀rọ̀ Faransé ni wọ́n gé kúrú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àjàkálẹ̀ àrùn àwọn ẹran kékeré tí ń jẹ àpọ̀jẹ. Jíjẹ àpọ̀jẹ ni pé kí ẹran gbé koríko mì, kí ó tún pọ̀ ọ́ padà sí ẹnu láti rún un kúnná, gẹ́gẹ́ bí ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù ti máa ń ṣe. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé àgbọ̀nrín náà ń jẹ àpọ̀jẹ. Ẹtu náà ń jẹ ẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Kòkòrò tí ojú kò lè rí

Mo mọ̀ pé bí ewúrẹ́ mẹ́rin bá kú ní agboolé kan ní ọ̀sẹ̀ kan, ojú a máa lọ sára orogún, tàbí sára aládùúgbò tí ewúrẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní ìjẹta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fi àrùn yìí ránṣẹ́. Ohun tí ó ń fà á ni kòkòrò kan tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pe irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Ìbátan ni òun àti fáírọ́ọ̀sì tí ó ń fa eéyi, èyí tí ó máa ń sú sí àwọn ọmọdé lára pẹ̀lú ibà àti ojú pípọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀: eéyi kì í mú ewúrẹ́, kátà kì í sì í mú ènìyàn. Ìbátan rẹ̀ kẹta ni àrùn ńlá tí ó ń pa màlúù láyé àtijọ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní rinderpest. A óò padà sórí èyí.

Inú omi ojú, ikun imú, itọ́ àti ìgbẹ́ ẹran tí ara rẹ̀ kò dá ni fáírọ́ọ̀sì kátà máa ń wà. Bí ẹran náà bá wúkọ́ tàbí tí ó bá sín, ó tú u sí afẹ́fẹ́, èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a sì fà á símú. Bí wọ́n bá jọ ń jẹ èèpo iṣu nínú abọ́ kan náà, tí wọ́n jọ ń mu omi kan náà, tí wọ́n jọ ń sùn sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ó ti ràn nìyẹn. Bí ó bá wọ ara ẹran, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò kọjá kí ara ẹran náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹni tí ó ni ín kò mọ nǹkan kan. Ó lè mú un lọ sí ọjà, kí ó sì tà á láìní ẹ̀tàn nínú.

Fáírọ́ọ̀sì yìí kì í pẹ́ láyé bí kò bá sí nínú ara ẹran. Oòrùn a máa pa á. Nítorí náà, kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e láti ìlú dé ìlú. Ẹran ni ó ń gbé e, àwa ènìyàn ni a sì ń gbé ẹran. Láyé àtijọ́ ọkọ̀ reluwé ni ó ń kó ẹran láti òkè Ọya, tí ó ń gba Ọ̀fà, Òkukù àti Ìkìrun kọjá lọ sí Òṣogbo àti Ìbàdàn. Lónìí ọkọ̀ akẹ́rù ni. Bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ku díẹ̀, ẹ ó rí wọn lójú títì, tí àwọn àgbò àti òbúkọ fún ara wọn mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ti òkè Ọya máa ń le ju tiwa lọ níwájú àrùn yìí. Ó lè mú un kí ó má sì hàn lára rẹ̀ púpọ̀. Ewúrẹ́ tiwa, kúkúrú onísan yìí, kò ní agbára bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá ti kọjá oṣù mẹ́rin tí kò sì tíì pé ọdún méjì ni ó máa ń pa jù. Àgùntàn pẹ̀lú a máa mú un, ṣùgbọ́n kì í sábà pa á tó ewúrẹ́.

Òórùn kátà nínú igbó

Kí a tó wọ inú igbó, ọ̀rọ̀ kékeré kan nìyí fún ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé-ìwé. Ìwé wọn a máa pe àgbọ̀nrín ní deer. Kò burú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n deer gan-an kò sí nínú igbó wa. Ìwo deer a máa já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn a sì hù. Ìwo àgbọ̀nrín kì í já bọ́ títí yóò fi kú. Ìdílé ewúrẹ́ àti màlúù ni àgbọ̀nrín, ẹtu, èkùlù àti ẹfọ̀n ti wá. Bí àrùn ewúrẹ́ bá wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wọn, ilé ẹbí rẹ̀ ni ó dé.

Ní 1942 ni àwọn dókítà ẹran méjì ará Faransé, Gargadennec àti Lalanne, kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àrùn yìí ní Ivory Coast. Fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ àti àgùntàn nìkan ni gbogbo ènìyàn kà á sí. Nígbà tí ó di 1976, ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà láti ọwọ́ Hamdy àti Dardiri. Wọ́n kó deer ilẹ̀ wọn sí ibi tí wọ́n sé mọ́ dáadáa, wọ́n sì fi fáírọ́ọ̀sì kátà sí wọn lára láti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ṣàìsàn títí wọ́n fi kú. Àwọn mìíràn ní in lára, kò sì hàn sí ojú rárá.

Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ẹranko tí ó ní àrùn lára tí kò hàn, ta ni yóò mọ̀?

Lẹ́yìn èyí ni ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ibòmíràn. Ní 1987, ìwé jáde nípa ọgbà ẹranko kan ní ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá, ní Al Ain, níbi tí àrùn náà ti pa ẹranko aṣálẹ̀ oríṣiríṣi. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ ìwé náà ni dókítà ẹran ọmọ Nàìjíríà, T. U. Obi, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí kátà ní Ìbàdàn. Ní 2010, ìwé mìíràn tún jáde láti ilẹ̀ Lárúbáwá kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, àgbọ̀nrín wà nínú àwọn tí àrùn náà kọlù. Kì í ṣe deer tiwọn o, àgbọ̀nrín tiwa yìí, pupa tí ó ní funfun tó-tò-tó lára, tí àwọn olówó ibẹ̀ ń sìn nínú ọgbà.

Ní Nàìjíríà wa níbí ńkọ́? Ní 2003, Dókítà Obi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ ẹtu tí wọ́n yẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ náà kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ojú àpá rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí àrùn bá wọ ara, ara a máa rán ọmọ-ogun jáde láti bá a jà. Bí ìjà bá parí tí ara sì borí, àwọn ọmọ-ogun náà kì í tú ká tán. Díẹ̀ nínú wọn a máa wà nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun ti kátà yàtọ̀ sí ti àrùn mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ilà Ọ̀yọ́ ti yàtọ̀ sí ti Ìjẹ̀bú. Nítorí náà, bí onímọ̀ bá rí wọn nínú ẹ̀jẹ̀ ẹtu, ó mọ̀ pé kátà ti bá ẹtu náà pàdé rí. Wọ́n sì rí wọn.

Níbo ni ẹtu ti pàdé kátà? Àwa tí a ń gbé ní agbègbè Odò Ọ̀tìn kò níláti rò ó jìnnà. A máa ń kó ewúrẹ́ lọ sí abà. Ewúrẹ́ abà kì í sùn sórí ìso bí ti ìlú. Ó ń jẹ lọ sí etí igbó, ó ń jẹ nínú ewé ẹ̀gẹ́, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ mu omi ní ipadò. Ní òru tàbí ní ìdájí, ẹtu náà wá sí etí igbó kan náà, ó jẹ nínú ewé ẹ̀gẹ́ kan náà, ó sì mu omi ní ipadò kan náà. Bí oòrùn kò bá tíì ràn dáadáa sórí itọ́ àti ikun imú tí ewúrẹ́ alárùn fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bẹ́. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi kò sí ní ibòmíràn, gbogbo wọn a péjọ sí ibi díẹ̀ tí ó kù. Ìgbà ọyẹ́ náà sì ni kátà máa ń gbilẹ̀ jù láàárín ewúrẹ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Mòǹgólíà

Ohun tí ó mú kí gbogbo ayé la ojú sí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Mòǹgólíà, ilẹ̀ kan ní Éṣíà tí òtútù ibẹ̀ le ju ohun tí a lè rò lọ. Pápá gbalasa ni ilẹ̀ wọn. Darandaran ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ní ewúrẹ́ àti àgùntàn lọ súà. Ẹranko igbó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní saiga. Ó tó ewúrẹ́ ńlá, imú rẹ̀ wú, ó sì rọ̀ sílẹ̀ bí àpò. Kí àrùn tó dé, nǹkan bí 10,000 ni gbogbo irú saiga bẹ́ẹ̀ tí ó wà ní ilẹ̀ náà.

Ní 2016 kátà wọ àárín ẹran ọ̀sìn wọn. Ìjọba gbìyànjú, wọ́n gún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹran ní abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n saiga ń jẹ koríko kan náà pẹ̀lú ewúrẹ́, ta ni yóò sì mú saiga dúró kí ó gún un ní abẹ́rẹ́? Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ sí 2017, àwọn darandaran bẹ̀rẹ̀ sí í rí òkú saiga lórí pápá, ọ̀kan níhìn-ín, mẹ́wàá lọ́hùn-ún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni ó kú. Àwọn onímọ̀ yẹ fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí lára wọn wò, wọ́n sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé láti ara ẹran ọ̀sìn ni ó ti kọjá sí ti igbó. Àìsàn inú agbo ni ó jáde lọ pa ẹran tí kò sí nínú agbo.

Kò tíì dúró. Ní 2018 ó dé Bùlùgéríà ní Yúróòpù. Ní 2024 ó dé Gíríìsì àti Romania, níbi tí deer pọ̀ nínú igbó wọn.

Ẹ lè bi mí pé, ṣé òkú àgbọ̀nrín ń sùn kiri nínú igbó Òkukù báyìí? Ìdáhùn mi ni pé pápá Mòǹgólíà tẹ́jú, òkú ẹran a máa hàn níbẹ̀ láti òkèèrè. Igbó tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ tí ó kú ní ẹ̀yìnkùlé, ọjọ́ náà gan-an ni a rí i. Ẹtu tí ó bá kú sínú ìgbòrò, ìjàlọ àti ìdin ti parí iṣẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, àti igún pẹ̀lú, níbi tí igún bá ṣì kù. Ọdẹ nìkan ni ó lè rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ọdẹ wa ń sọ pé àgbọ̀nrín ti di ọ̀wọ́n. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n kí a má ṣe di gbogbo rẹ̀ ru kátà. Ìbọn wà níbẹ̀. Tàkúté wà níbẹ̀. Iná tí a ń ti bọ igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń jó ọmọ àgbọ̀nrín mọ́ ibùba rẹ̀. Oko àti ilé ti gba ibi tí wọ́n ń gbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹran igbó bá ti kù díẹ̀, àrùn kan ṣoṣo tó láti gbá èyí tí ó kù. Bí 100 bá wà nínú igbó tí 50 kú, 50 tí ó kù yóò bí. Bí mẹ́rin bá wà tí mẹ́ta kú, ta ni èyí tí ó kù yóò bá bímọ?

Ìdí tí abẹ́rẹ́ ewúrẹ́ fi jẹ́ ti àgbọ̀nrín

Mo sọ pé a óò padà sórí rinderpest, àrùn màlúù. Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àrùn náà gba gbogbo Áfíríkà kọjá. Ó pa màlúù àwọn Fúlàní tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní nǹkan kan mọ́. Ó sì wọ inú igbó, ó pa ẹfọ̀n bí ẹni pa eṣinṣin. Ní 1983 ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì pa màlúù lọ́pọ̀lọpọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìjọba Áfíríkà fi ọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọ́n ń gún màlúù ní abẹ́rẹ́ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Ní 2011, wọ́n kéde fún gbogbo ayé pé rinderpest ti tán. Láyé yìí, ṣọ̀pọ̀ná nìkan ni a ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ṣáájú rẹ̀.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó wọ igbó lọ gún ẹfọ̀n ní abẹ́rẹ́. Màlúù ni wọ́n gún. Nígbà tí àrùn náà kò rí ibùgbé lára màlúù mọ́, kò lè pẹ́ láàárín ẹfọ̀n, ó sì kú kúrò nínú igbó fúnra rẹ̀. Èyí ni ìrètí tí ó wà lórí kátà pẹ̀lú. Ní 2015, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè pàdé ní Abidjan, ní Ivory Coast kan náà tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀, wọ́n sì pinnu pé kí kátà tán láyé nígbà tí yóò bá fi di 2030.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ náà, ọmọ Nàìjíríà ni. Ní 1975 ni wọ́n mú fáírọ́ọ̀sì náà láti ara ewúrẹ́ kan nílẹ̀ wa. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń tọ́ ọ nínú ìgò láti ìran dé ìran, títí agbára ibi rẹ̀ fi tán. Nígbà tí ó di 1989, ìwé ti jáde pé ó ti di abẹ́rẹ́ tí ó dára. Kò lè ṣe ẹran ní ibi mọ́, ṣùgbọ́n ara ẹran tí ó bá rí i yóò kọ́ bí a ti ń bá kátà jà. Orúkọ rẹ̀ wà lára ìgò títí di òní: Nigeria 75/1. Bí dókítà ẹran bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ní kí ó fi ìgò náà hàn yín, kí ẹ sì kà á fúnra yín. Àwọn ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà púpọ̀ ni ó ń lò ó. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe é níbí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń gún un, ó sì ń ṣọ́ ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ọmọ ewúrẹ́ tí ó ti pé oṣù mẹ́rin lè gbà á. Ìgbà tí ó dára jù ni kí ọyẹ́ tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Abẹ́rẹ́ yìí kò fẹ́ ooru. Inú yìnyín ni ó gbọ́dọ̀ wà láti ibi tí wọ́n ti ṣe é títí dé ọ̀dọ̀ ewúrẹ́ yín. Bí ẹnì kan bá gbé e wá nínú àpò ṣòkòtò lórí ọ̀kadà lọ́sàn-án gangan, omi lásán ni ó ń tà fún yín. Àti pé abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í wo ẹran tí àrùn ti mú. Kò sí oògùn tí ń pa fáírọ́ọ̀sì kátà. Dókítà lè fún ẹran ní oògùn tí yóò dá àwọn àrùn mìíràn tí ó ń bá kátà rìn dúró, àwọn kan sì máa ń yè bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá yè, kátà kò tún ní mú un mọ́.

Ohun tí ó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni títa ẹran alárùn. Ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunmú, a ní kí a yára mú un lọ sí ọjà kí ó tó kú sí wa lọ́rùn. Mo mọ ohun tí ó fà á. Owó ni, owó náà kò sì sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rà á ní ewúrẹ́ tirẹ̀ nílé. Owó ewúrẹ́ kan tí a gbà lónìí, ogún ewúrẹ́ ni yóò san án ní abúlé mìíràn, ẹtu ipadò wọn yóò sì bá wọn san nínú rẹ̀. Ẹ so ẹran náà mọ́ ibi tí àwọn yòókù kò lè dé, kí ẹ ránṣẹ́ pe dókítà. Ewúrẹ́ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, kí a má ṣe dà á pọ̀ mọ́ àwọn ti ilé títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò fi kọjá. Èyí tí ó bá kú, kí a gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí a sin ín. Kí a má jù ú sí àkìtàn tàbí sínú igbó.

Ẹ má jẹ ẹ́ pẹ̀lú. Mo ti sọ pé kátà kì í mú ènìyàn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún yín pé kátà ni ó pa á? Ní 2023, àrùn kan tí wọ́n ń pè ní anthrax pa ẹran ọ̀sìn ní Ìpínlẹ̀ Niger, nítòsí Àbújá. Àrùn yẹn máa ń pa ènìyàn. Ẹran tí ó bá kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú tàbí ní ìdí rẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ kàn án, ẹ má sì kùn ún. Èyí kan ọdẹ tí ó bá rí òkú ẹtu nínú igbó tí kì í ṣe ìbọn ni ó pa á.

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ̀yin ni ojú wa nínú igbó. Bí ẹ bá rí àgbọ̀nrín tí ó dúró gbagidi tí kò sá nígbà tí ó gbúròó yín, tí ojú rẹ̀ ń ṣomi, tí ìdí rẹ̀ rin fún ìgbẹ́, ẹ má yọ̀ pé ẹran rọrùn láti pa lónìí. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ igbó náà, ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì mú un lọ sí ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn ti ìjọba ìbílẹ̀. Ti Ifẹ́lódùn wà ní Ìkìrun. Ti Odò-Ọ̀tìn wà ní Òkukù, èyí tí ó kan ẹ̀yin ará Ìnísà pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ewúrẹ́, ẹ ra ìwé eléwé ogójì kan fún ẹran yín. Ẹ fa ilà mẹ́ta sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí ó lè pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Ní ọ̀nà kìíní, ẹ kọ irú ẹran: abo dúdú onífunfun níwájú orí. Ní èkejì, ọjọ́ tí ó dé ilé yín àti ibi tí ó ti wá. Ní ẹ̀kẹta, ọjọ́ tí ó gba abẹ́rẹ́. Ní ẹ̀kẹrin, ọdún tí yóò tún gbà á: èyí tí ó gba tirẹ̀ ní 2025, ẹ kọ 2028 síwájú rẹ̀. Èyí tí ó bá kú, ẹ má pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó kú àti bí ó ti ṣe kí ó tó kú, nítorí pé ohun àkọ́kọ́ tí dókítà ẹran yóò béèrè lọ́wọ́ yín nìyẹn.